Èdè Tí Wọ́n Fi Pamọ́ ní Ìsọ̀ Ẹ̀wà

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                                            Àkúrẹ́.
                                                            Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Fúnmilọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tí a jọ mu omi inú ìkòkò kan náà dàgbà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá Àgbà wa ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń gbà kí wọ́n lọ sí ìsìn òwúrọ̀? Bàbá rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín? Mo gbọ́ pé ẹ ti ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ kú oríire o. Kí Ọlọ́run fi aṣọ tí ẹ máa fi í rán kún un. Èmi náà wà, mò ń jẹun, mo sì ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni.

Má bínú pé n kò kọ̀wé sí ọ láti oṣù Kẹta. Ìtìjú ni. N kò fẹ́ fi lẹ́tà tó kún fún ẹkún ránṣẹ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rín ń pa mí. Ọ̀rẹ́ mi, mo borí! Èmi Monílọ́lá tí ẹ̀rù máa ń bà ní kíláàsì bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, mo borí. Jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nínú oṣù Kínní, mo sọ fún ọ lórí fóònù pé olùkọ́ wa kan, Dókítà Oyèlékè, ń wá akẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ ìwádìí kan. Wọ́n fẹ́ mọ iye èdè tí àwọn tó ń tajà ní Àkúrẹ́ gbọ́, ibi tí wọ́n ti ń lo ìkọ̀ọ̀kan, àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn yé. Àwa mẹ́sàn-án ni wọ́n mú, èmi nìkan ni mo wà ní ọdún àkọ́kọ́. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, n kò mọ ohun tí wọ́n rí lára mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rò pé wọ́n ṣì mí mú fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ mi, ọkàn mi á ní, "Wọ́n ti rí i wàyí."

Kí a tó jáde lọ sọ́jà, Dókítà ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà fún ara rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè èdè tí mò ń sọ, mo kọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. N kò kọ Oǹdó tí a ń sọ nílé. Olúwaṣèyí ló jókòó tì mí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa. Òun ló ti sín mi jẹ nígbà kan tí mò ń bá Màmá Àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá Àgbà bá ti pè, ẹ̀yìn ilé ni mò ń sá lọ.

Ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀wà ni wọ́n pín fún mi, ìsọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí ìlà kan. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbà ìlà náà ni Àlàájà Ṣàkírátù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń jókòó sórí àpótí kan náà. Bí Àlàájà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ àjàgbé máa ń kó ẹ̀wà dé láti Òkè Ọya. Ọ̀gá àwọn tó ń kó o wá ni Màlámù Ìbráhímù, bàbá gíga kan tí irùngbọ̀n wọn ti funfun. Ó yẹ kí o rí bí wọ́n ṣe ń ná ọjà náà. Yorùbá ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń fi ná an. Tó bá wá dé ibi tó le, oníkálukú á yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀: Màlámù àti àwọn ọmọkùnrin wọn á sọ Haúsá, àwọn ìyá á kó orí jọ, wọ́n á máa fi èdè Àkúrẹ́ tí wọ́n kọ́ níbí gbìmọ̀, torí wọ́n gbà pé Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ni Màlámù gbọ́, kò gbọ́ ti Àkúrẹ́.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù ìsọ̀ mẹ́sàn-án nígbà tí Màríámù, ọmọ Àlàájà tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé Jọ́ọ̀sì, ní Òkè Ọya, ni wọ́n bí ìyá òun sí, pé wọ́n gbọ́ Haúsá bí ẹni ń mu omi. Inú mi dùn. Mo ní mo ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa kò rí.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin, mo dé ìsọ̀ nígbà tí ọjà ń gbóná. Ọkọ̀ ti dé, Màlámù àti àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́ta wà ní ìdúró. Mo kúnlẹ̀ kí Àlàájà, mo yọ bírò, mo bi wọ́n léèrè èdè tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní Yorùbá nìkan. Ọ̀rẹ́ mi, dípò kí n kọ ohun tí wọ́n sọ, kí n dúpẹ́, kí n máa lọ, mo gbé ohùn sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn:

"Áà, Àlàájà! Màríámù ní ẹ gbọ́ Haúsá dáadáa, pé Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí yín sí!"

Gbogbo ìlà yíjú sí mi. Ẹ̀wà tú dànù látinú kóńgò ẹnìkan. Àwọn ọmọkùnrin Màlámù wo ara wọn. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo wọn sì kó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ láti lọ gbìmọ̀ níbẹ̀. Àlàájà kò wò mí. Wọ́n kàn ń yí tẹ̀sùbáà wọn.

Màríámù ló fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi lójú rẹ̀, tó wá là mí lóye. Ó ti pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, nígbà tí àwọn olówò Òkè Ọya bá ń fi Haúsá sọ iye tí wọ́n lè gbà kẹ́yìn. Bí Àlàájà bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á tú ìborùn wọn, wọ́n á tún un wé. Ìborùn yẹn ni gbogbo ìlà ń wò. Bí Àlàájà kò bá tíì tún un wé, ẹnikẹ́ni kò ní gbà pé òun ti ná an tán. Èmi ni mo wá ṣí ìborùn náà lórí wọn láàárín ọjà.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi gba tirẹ̀. Ìyá kan pariwo pé, "Ẹ pa ẹnu dé o, olófòófó yunifásítì ti dé!" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti mú fọ́ọ̀mù jáde, wọ́n á ní àwọn kò gbọ́ Yorùbá pàápàá.

Dókítà Oyèlékè kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n jágbe. Wọ́n ní ẹni tó wọ ilé onílé, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé, tó sì gbé e síta láìgba àṣẹ, kì í ṣe olùwádìí. Wọ́n ní kí n lọ tún ọwọ́ mi ṣe. Tí ìlà náà kò bá gbà mí padà kó tó di ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí a máa sọ àbájáde iṣẹ́ níwájú gbogbo ẹ̀ka wa àti àwọn àlejò, wọ́n á yọ ìsọ̀ ẹ̀wà kúrò nínú ìwádìí, wọ́n á sì yọ orúkọ mi. Olúwaṣèyí ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kò lè ṣe é. Èmi náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù.

Ọmọdé kì í dá lọ bẹ àgbà, nítorí náà mo bẹ ìyá tó ni ilé tí mò ń gbé, Màmá Àánú, pé kí wọ́n bá mi lọ. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀. Àlàájà ní kí a dìde, pé àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ rí bírò mi lórí ìlà yẹn mọ́. Mo béèrè bóyá mo lè máa wá láìmú bírò. Wọ́n na ọwọ́ sí àpò ẹ̀wà kan.

"Òkúta wà nínú ìyẹn," ni wọ́n wí.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà nìyẹn, gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, gbogbo Sátidé láti àárọ̀. Àlàájà kì í bá mi sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ bú mi. "Ọmọ Oǹdó, ọwọ́ rẹ mà lọ́ra ju ẹnu rẹ lọ o." Gbogbo ìlà á bú sẹ́rìn-ín. N óò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà, n óò máa ṣa òkúta lọ.

Ṣùgbọ́n níbi tí mo jókòó sí yẹn, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àlàájà kan náà tó ní Yorùbá nìkan làwọn gbọ́, láàárín wákàtí kan, wọ́n á fi Ògbómọ̀ṣọ́ bá àbúrò wọn jà, wọ́n á fi èdè Àkúrẹ́ dá àwọn ìyá àgbà láti Ìta-Ògbólú lóhùn, tí wọ́n á máa pe ilé ní ulé bí ọmọ onílùú, wọ́n á fi Pijin lé ọlọ́kadà tó páàkì síwájú ọjà wọn, wọ́n á sì fi Lárúbáwá ṣe àdúrà lé orí àkọ́tà. Àbúrò wọn gbọ́ Ígbò, kò sì jẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀. Mo wá rí i pé kò sí ìsọ̀ kan níbẹ̀ tí kò fi èdè kan pamọ́. Iṣẹ́ ni èdè náà ń ṣe níbi tó fara pamọ́ sí. Fọ́ọ̀mù wa sì ń fi dandan lé e pé kí wọ́n kà á síta lójú gbogbo ayé.

Ní àárín oṣù Karùn-ún, Màmá Àgbà pè mí níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sá lọ sẹ́yìn ọkọ̀ Màlámù. Mo fi Oǹdó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: pé mo ti ba ọ̀nà oúnjẹ àgbàlagbà jẹ́, pé ó ti sú mi, pé n óò máa bọ̀ nílé, n óò wá kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ rẹ. (Màmá Àgbà ní èmi tí n kò lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́.) Bí mo ṣe pa fóònù báyìí, ẹnìkan wúkọ́ ní òdìkejì táyà. Màlámù Ìbráhímù ni, wọ́n gbé bútà lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n wò mí, wọ́n sì fi Oǹdó bá mi sọ̀rọ̀, Fúnmilọ́lá, Oǹdó tó dùn ju tèmi lọ! Ọma mi ni wọ́n pè mí o, bí Màmá Àgbà gan-an. Wọ́n ní kí n má torí ẹ̀wà fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé Oǹdó nígbà ọ̀dọ́ wọn, tí wọ́n ń ru àpò kòkó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sí Àkúrẹ́, tí wọ́n kọ́ ti ibí náà. Gbogbo ohun tí àwọn ìyá ń fi èdè Àkúrẹ́ gbìmọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, Màlámù ń gbọ́ ọ yékéyéké. Wọ́n fi omi yọ ẹnu, wọ́n tu ú dànù, wọ́n bi mí pé ṣé n óò lọ sọ. Mo ní rárá kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn le. Ọ̀rọ̀ náà ń jó mi láhọ́n. Mo mọ̀ pé tí mo bá tẹ̀ síwájú Àlàájà, tí mo sọ ọ́ sí wọn létí, ìlà máa gbà mí padà lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Àlàájà fúnra wọn ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti dí mi létí kan, ìgbà wo lo fẹ́ wá òmíràn san án?" Mo dojú kọ ẹ̀wà. Mo ń rò ó pé bí mo ṣe sọ àṣírí ọ̀kan nítorí kí wọ́n lè yìn mí, ni mo tún fẹ́ sọ ti èkejì. Oṣù Kẹfà wọlé. N kò tíì tún kọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo láti oṣù Kẹrin. Mo ti ń kọ́ bí n óò ṣe sọ fún Dókítà pé kí wọ́n yọ orúkọ mi.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá, ọjà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyá kó orí jọ, wọ́n ń fi èdè Àkúrẹ́ sọ pé kí wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, Màlámù máa pè wọ́n padà. Ìgbà náà ni Màlámù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi èdè Àkúrẹ́ kan náà sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni lónìí.

Ìyá kan ju kóńgò sílẹ̀. Ẹlòmíràn ń pe orúkọ Ọlọ́run.

"Àlàájà," ni Màlámù wí, "ọdún kọkànlá rèé tí mo ti mọ̀ pé ẹ gbọ́ Haúsá. Ìborùn yín ni mò ń wò. Tí ẹ bá ti tún un wé, èmi náà á mọ̀ pé ọjà ti parí. Àwọn ọmọ mi ni kò mọ̀."

"Ìwọ náà sì ń gbọ́ tiwa?"

"Gbogbo rẹ̀. Àti ọjọ́ tí ẹ ní irùngbọ̀n mi dà bí ti òbúkọ."

Ẹ̀rín sọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Màlámù wá nàka sí mi níbi tí mo jókòó sí láàárín òkúta. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sọ fún yín, ẹ sì ń bú u. Ẹni tó lè pa èyí mọ́, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀."

Àlàájà yíjú sí mi. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O wá jókòó tì mí bí ọmọlúàbí, tí mò ń pè ọ́ ní olófòófó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìborùn já bọ́ lórí wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí mọ́. Nígbà tí wọ́n mí kanlẹ̀ tán, wọ́n ní kí n lọ mú bírò mi wá. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran tí wọ́n fún mi kò wọ inú ìkòkò mi tán.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi bá ìsọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àlàájà nìkan ló kù, torí àlejò Iléyá kún ilé wọn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo bi Àlàájà bóyá mo lè sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní, "Sọ ọ́. Má dárúkọ ọjà, má dárúkọ ẹ̀wà." Nítorí náà, ìwọ náà, lẹ́tà yìí kò gbọdọ̀ kọjá ilé wa.

Ọjọ́rú tó kọjá ni ọjọ́ náà pé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Dókítà fún mi. Ẹ̀rù bà mí, mo ka ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé. Bí mo ṣe gorí pèpéle, ta ni mo rí ní ìlà kejì? Àlàájà Ṣàkírátù nínú léèsì funfun, Màlámù Ìbráhímù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀rù náà kò lọ, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jẹ́ àlejò dìde. Wọ́n ní ìdáhùn inú iṣẹ́ mi takora: nínú mẹ́sàn-án tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, méje ló ní èdè kan ṣoṣo làwọn gbọ́. Nígbà kejì, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè tó dín ní mẹ́ta. Báwo ni ènìyàn kan náà ṣe kọ́ èdè méjì láàárín oṣù méjì?

N kò ronú rárá. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kínní, sà, a lọ bi wọ́n ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, a lọ jókòó tì wọ́n."

Fúnmilọ́lá, gbọ̀ngàn náà mì. Mo rò pé ti ẹlòmíràn ni àtẹ́wọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ọjà tí mo ti ṣe é, mo ní n kò lè sọ. Wọ́n tún béèrè, mo tún kọ̀. Màlámù ń wo òrùlé bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Dókítà Oyèlékè dìde, wọ́n ní láti ọdún tó ń bọ̀, kò ní sí ẹni tó máa mú fọ́ọ̀mù wọ ọjà kó tó jókòó níbẹ̀ fún oṣù kan, àti pé Monílọ́lá ló máa kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń jókòó. Olúwaṣèyí ló kọ́kọ́ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ iṣu gbígbóná.

Lánàá mo lọ kọ fọ́ọ̀mù Àlàájà, èyí tó kù. Bí mo ṣe jókòó, ọkọ̀ mìíràn wọlé, àwọn olówò tuntun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí sọ̀ kalẹ̀. Àlàájà tún ìborùn wọn ṣe dáadáa, wọ́n mú tẹ̀sùbáà, wọ́n sì pariwo sí mi pé, "Kọ ọ́ síbẹ̀: Yorùbá nìkan!" Ni mo bá kọ ọ́. Òótọ́ rẹ̀ wà lọ́kàn mi, ó dìgbà tí ọkọ̀ bá lọ kí n tó kọ ọ́.

Láti ibẹ̀, mo gba ọ́fíìsì Dókítà lọ. Mo bẹ wọ́n kí wọ́n wá fọ́ọ̀mù tí mo kọ fún ara mi nínú oṣù Kínní. Níṣojú Olúwaṣèyí, lórí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ Oǹdó, gàdàgbà.

Bá mi kí Bàbá rẹ, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, kí gbogbo ará ilé. Sọ fún Màmá Àgbà pé kí wọ́n pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n gbóhùn sókè. N kò ní sá lọ sẹ́yìn ilé mọ́.

Èmi ni, tìrẹ láti inú ìkòkò omi kan náà,
Monílọ́lá.